Ìjìnlẹ̀ Ẹ̀rọ ní Malu Road

Wọ́n pe àwọn olùkọ́ Ajégúnlẹ̀ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé ní Malu Road. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tanná sí wọn lọ́pọlọ. Agogo mẹ́sàn-án ni ìwé ìpè wí, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ dé ní méjìlá: tírélà ló dí ọ̀nà. Àwọn tírélà tí wọ́n ti ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì pè wọ èbúté Apapa láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni o. Wọ́n ń gbọ́ ìpè, ẹsẹ̀ ni kò gbé. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe lanu báyìí, iná ọba lọ. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì ló wá tú púlọ́ọ̀gì, ó fi sáńpépà họ ọ́, iná dé. Gbogbo ẹni tó jẹ ìrẹsì ló gba sátífíkéètì. Mẹkáníìkì gba ẹgbẹ̀rún kan náírà, wọ́n sì ní kó má dí ẹnu ọ̀nà.