Ajá Tó Ń Ju Ìrù fún Olè

Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Bí n kò bá sì sọ ọ́, inú á máa run mí. Ẹ ti rí ajá tí àwọn olówó Ìjẹ̀bú-Òde fi ń ṣọ́ ilé báyìí? Ajá kúkúrú, funfun, dúdú àti pupa rúsúrúsú, tí etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí ewé kókò. Beagle ni wọ́n ń pè é. Kò sábà ga ju ínṣì 15 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kílò 10. Iye tí wọ́n ra ọ̀kan lọ́nà GRA, ẹ jẹ́ ká fi bò. Ṣùgbọ́n òrùlé ìyá ẹni tó rà á ṣì ń jò ní Mọlípà.

Wọ́n ní olè fo fẹ́ǹsì wọlé lóru. Ajá olówó iyebíye yìí sáré pàdé wọn, ó ń ju ìrù, ó ń lá wọn lọ́wọ́! Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, ajá sì sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Háà! Bàbá ilé wá ń na ajá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ta ló yẹ kí wọ́n nà?

Nítorí kì í ṣe ẹ̀bi ajá. Ọdẹ ehoro ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi í ṣe láti ayébáyé, ọ̀wọ́ ni wọ́n sì máa ń kó o jáde. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn èèyàn, tó fi fẹ́ràn ajá ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọdé fi ń bá a ṣeré. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ dá wà. Àmọ́ tọkọtaya kan tí mo mọ̀ (mi ò dárúkọ) ń jí lọ sí Èkó ní ìdájí, wọ́n á so tiwọn mọ́lẹ̀ títí di alẹ́. Kì í kàn gbó o, ó máa ń hu gbọọrọ ni, tí gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rò pé èèyàn ló kú.

Èyí tó wá burú jù ni ti ọjọ́ ọdún Ojúde Ọba. Àlejò kún ilé, àwọn ẹgbẹ́ ọkọ ti wọ aṣọ regbéregbé, ajá já okùn, ó di ilé ìdáná, ó sì jẹ ẹran Iléyá tó wà nínú agbada. Ojú ò ti ìyàwó ilé, ẹ̀rín ló ń rín: “Ọmọ mi, jẹun!” Ó tún bu ìkọ́kọrẹ́ lé e. Ọmọ wo? Àlùbọ́sà inú oúnjẹ yẹn, májèlé ni fún ajá. Beagle kì í mọ ìgbà tó yó, bẹ́ẹ̀ ni sísanra jù ń dá ẹsẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ lóró.

Imú ẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Láti 1984 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń lò ó ní pápákọ̀ òfuurufú láti gbóòórùn ẹran àti èso nínú ẹrù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi pọ̀nmọ́ sáàárín aṣọ nígbà tí ẹ bá ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ, ẹ mọ ara yín. Òun ló ń jókòó jẹ́ẹ́ síwájú àpótí yín. Bí imú yìí bá sì gba òórùn òkété, ajá náà kò ní gbọ́ ìpè yín mọ́, bí ẹ tilẹ̀ pariwo dé Òkè-Ajé.

Kì í ṣe àwa nìkan la ń fìyà jẹ ajá. Lọ́dún 1964, Lyndon Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà, fi etí gbé beagle rẹ̀, Him, sókè níwájú àwọn oníròyìn. Àwọn èèyàn bínú, ìwé rọ̀jò lé ààrẹ lórí. Ààrẹ odidi! Tí a bá ń na tiwa nítorí jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò kọ̀wé sí wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ̀ṣọ́, bíńgò ìbílẹ̀ wà, kò sì wọ́n. Ẹni tó bá máa ra beagle, kó ti fẹ́ǹsì rẹ̀ dáadáa, kó mú un rìn lójoojúmọ́, kó díwọ̀n oúnjẹ rẹ̀, kó sì rí i pé èèyàn wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá ìyá yín kan páànù.