Apẹja Tí Kì Í Pẹja

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá Ẹlẹ́ja, gbé àpótí rẹ wá síwájú, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín lọ o, etí ni mo yá lọ́wọ́ yín, n ò yá ọwọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ti Ìlú Ọba dé lẹ ti ń bi mí bóyá yìnyín ń jábọ́ bí òwú, bóyá ọmọ tuntun jọ bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tó ń yún mi lẹ́nu gan-an. Àna mi, ọkọ ọmọ mi tí gbogbo yín jó níbi ìgbéyàwó rẹ̀, tí Ìyá Alájọ jó jó jó títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀ (owó àjọ wa ni ò tíì ṣí lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní), apẹja ni.

Ẹ má pariwo. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ló fi ń jẹun, ẹja ló fi ń ṣeré. Tó bá sì jẹ́ pé ó ń pẹja tó ń gbé e wálé, ṣé n óò wá pè yín jọ ni? Ọkùnrin yìí á jí láago márùn-ún nínú òtútù tí í mú eyín pa kẹ́kẹ́, á wakọ̀ lọ, á mú ẹja tó gùn ju apá mi yìí lọ, á ya fọ́tò rẹ̀, á wá dá a padà sómi. Láàyè! Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Títùsì.

Oṣù kọkànlá ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn nílùú Norwich, láti wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣí fìríìsà. Títùsì! Ṣàwá! Sàdíìnì! Wọ́n fi ọ̀rá wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni wé wúrà. Mo ní ọmọ mi mà mọ ilé tọ́jú. Mo yọ Títùsì mẹ́ta, mo dín in, mo rọ ata lé e lórí. Àna mi sọ̀kalẹ̀ tòun ti bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ó ṣí fìríìsà, ó wo ìkòkò, ó wò mí. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Kò sì lè sọ̀rọ̀, ìyá ìyàwó ẹni kì í ṣẹgbẹ́ ẹni. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbẹ̀ yìí ń ta sánsán." Ìyàwó rẹ̀ ló fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Mọ́mì, ìjẹ ìwọ̀ lẹ dín yẹn o."

Ìjẹ! Títùsì tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń gé sí mẹ́rin kó tó tà á fún wa! Ìyá Ẹlẹ́ja, má wò mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló mọ̀ pé ìrù lo máa ń bù fún èmi.

Páìkì lorúkọ ẹja tí wọ́n ń torí rẹ̀ fi Títùsì ṣòfò. Ó gùn gbọọrọ, ó ní àwọ̀ ewé tí wọ́n ta àmì yẹ́lò sí, ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí láàárín ẹ̀yìn, ìdí ìrù ló sún un lọ, bí ẹ́ńjìnì ìdí ọkọ̀ ojú omi. Ìyẹn ló fi ń ta bí ọfà tí ebi bá ń pa á. Eyín ẹnu rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, àwọn tó wà lájà ẹnu sì dorí kọ inú: ohun tó bá wọlé kò tún jáde mọ́, bí owó tó bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Alájọ. Kì í sì í lé ẹja kiri. Á dúró jẹ́ẹ́ nínú koríko odò, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn kọ́tìnì tó ń gbọ́ tẹnu alájọgbé. Kí lẹ ń wò mí rẹ́rìn-ín sí?

Àwọn tó tóbi nínú wọn, abo ni gbogbo wọn. Akọ kì í sábà ju kílò márùn-ún lọ, ìyàwó a sì máa fi ọkọ jẹun nígbà mìíràn. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ wà lójú fèrèsé, ṣé ẹ ń gbọ́?

Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ní n óò bá a lọ. Ọmọ mi ní òtútù á pa mí. Mo ní òtútù kì í pa ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀. Ó gbé mi lọ síbi tí wọ́n ń pè ní Norfolk Broads, adágún lóríṣiríṣi tí odò so pọ̀, létí odò Thurne lápá Potter Heigham. Omi lọ salalu, ìféèfé yí i ká. Mo ní Ọlọ́run tóbi. Àna mi ní kì í ṣe Ọlọ́run o, èèyàn ló gbẹ́ ẹ. Láyé àtijọ́, àwọn ará ibẹ̀ ń wa ilẹ̀ dúdú kan tó ń jó bí igi ìdáná. Wọ́n wà á, wọ́n wà á, omi òkun wá ń ga sí i, omi kún inú kòtò, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn wọ́n lọ. Gbogbo ayé gbàgbé. Lẹ́yìn ọdún 1950 làwọn onímọ̀ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló wà ńbẹ̀. Nítorí náà, kòtò tó wà níwájú ilé wa yìí, ẹ má dí i mọ́. Kí àwọn ọmọ wa lè máa gbowó lọ́wọ́ òyìnbó lọ́la.

Kó tó fọwọ́ kan omi, ó mú ìwé àṣẹ ìjọba dání. Ẹni tó bá ti pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sómi láìní in. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ìwọ̀ dẹja níbẹ̀, kí ẹja lè ráyè bímọ. Ti páìkì tiẹ̀ tún le sí i: ìgbà òtútù ni wọ́n ń dẹ ẹ́, torí afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ nínú omi tó bá móoru. Ẹja tó bá wọ̀yá ìjà nínú rẹ̀ lè kú lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ibi tí ẹja wà. Bàbá òyìnbó kan máa ń jókòó sórí àga kékeré létí odò yẹn, ẹja ńlá ńlá ló ń mú. Ọdún méjì ni àna mi ti ń kí i, kò sọ ibì kankan fún un. Àwọn apẹja yẹn lè fi nọ́ńbà báńkì wọn hàn ọ́ kí wọ́n tó fi ojú omi wọn hàn ọ́. Èmi? Ogún ìṣẹ́jú. Mo bu ṣin-ṣín fún un, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè orúnkún. Òyìnbó tèmi ò gún, ti àwọn ará Norfolk náà ò gún, a gbọ́ra wa yé. Ẹ̀yin èèyàn mi, olófòófó wà níbi gbogbo! Bàbá yìí tú àpò ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè sinmi.

Ó ní kéèyàn má wá páìkì, kó wá ẹja wẹ́wẹ́. Nígbà ooru, wọ́n á tú ká sórí adágún. Tí òtútù bá dé, wọ́n á kóra jọ síbi tí atẹ́gùn ò ti pọ̀, pàápàá ibi tí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi mọ́ títí ooru á fi padà. Ibẹ̀ ni páìkì ń bá wọn lọ. Bí gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀ ni: ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni jáwójáwó ń rọ́ lọ. Ó ní kí n tún wo etí ìféèfé, kí n wo ibi tí omi ti jìn lójijì, kí n wo ibi tí ẹyẹ ti ń mòòkùn. Bí ìjì bá sì ti omi òkun wọ odò, iyọ̀ á lé ẹja lọ sókè odò, kí apẹja náà tẹ̀ lé wọn.

Ó fa ọ̀rọ̀ dé Horsey Mere, adágún kan tó wà nítòsí. Ọdún 1967 ni Peter Hancock mú páìkì tó lé ní kílò 18 níbẹ̀, kò sí èyí tó tó o ní gbogbo Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Nígbà tó di 1969, nǹkan kan bíi èéhù tí ojú lásán ò lè rí hù nínú omi, ó da májèlé sílẹ̀, ẹja kú lọ súà. Bàbá ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ìsìnkú. Mo bá a dárò. Mo tún bu ṣin-ṣín sí i.

Èyí tó wá tóbi jù báyìí, lọ́dún 2024 ni wọ́n mú un ní adágún Chew Valley, lẹ́bàá Bristol: ó lé ní kílò 21. Ìyá Ẹlẹ́ja, kílò mélòó ni páálí Títùsì rẹ? Ogún! Páálí kan gbáko, ẹja kan ṣoṣo! Àmọ́ irọ́ náà pọ̀ lẹ́nu àwọn apẹja. Wọ́n ní lọ́dún 1497, ní Jámánì, wọ́n mú páìkì kan tí òrùka wà lára rẹ̀, pé ọba Frederick Kejì ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ sómi lọ́dún 1230. Ẹja ọlọ́dún 267! Wọ́n gbé egungun rẹ̀ kọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Mannheim. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ kà á, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ̀ jù, egungun ẹja mìíràn ni wọ́n tò mọ́ ọn. Èmi tẹ́ ẹ ń pè lólófòófó, ṣé mo so egungun mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rí?

Ó dáa, ó ti tó. Àna mi na ọ̀pá ìwọ̀ méjì sómi, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Kì í so ìwọ̀ mọ́ okùn tààrà o, wáyà tó tó ìdajì mítà ló máa ń wà láàárín wọn, torí eyín yẹn á gé okùn bí abẹ, ẹja á sì gbé ìwọ̀ lọ lẹ́nu. Ó ti fi pílíásì tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀ kó lè rọrùn láti yọ. Ó fi Títùsì (odindi!) kọ́ ọ, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan tí bàbá fi hàn mí. A jókòó. Ẹsẹ̀ mi kú. Mo ń rántí oòrùn Mọ́kọ́lá.

Ni nǹkan bá dún píì! Mo tọwọ́ bàpò, mo rò pé fóònù mi ni. Àna mi ti fò dìde. Kì í dúró kí ẹja gbé ìjẹ mì, torí ìwọ̀ á lọ kọ́ ọ nífun. Ó fà á, ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ, omi ń fọ́n, èmi ń ké "Jésù!" bàbá òyìnbó ń ké tirẹ̀. Àwọ̀n fífẹ̀ kan ló fi gbé e sókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wẹ ọmọ rí, ẹ gbọ́ èyí. Tìmùtìmù rírọ̀ kan ti wà nílẹ̀, ó ti bu omi sí i, ó sì bu omi sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ní ohun gbígbẹ máa ń bó ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja, àìsàn á sì rọ́nà wọlé. Ó kúnlẹ̀. Ó rọra ti ìka méjì bọ abẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi wọ́n fara ti egungun ìsàlẹ̀ ẹnu, kò jẹ́ kí wọ́n kan ibi pupa tí ẹja fi ń mí. Ó fa ìka lọ síwájú títí dé ibi tí egungun méjèèjì ti pàdé lágbọ̀n, ó gbé e díẹ̀. Ẹnu là gbàà, bí ọmọ tó róyàn! Ẹ̀mú gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi yọ ìwọ̀, kò kìka bọ ẹnu. Ohun tí wọ́n fi ń gé wáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: tí ìwọ̀ bá ṣorí kunkun, á gé e sọ nù, ó ní ìwọ̀ mìíràn wà lọ́jà.

Ó fi àpò tútù wọ̀n ọ́n, ó lé ní kílò mẹ́fà. Ó ní kí n mú un, kóun ya fọ́tò. Ó kọ́ mi: ọwọ́ kan lágbọ̀n, ọwọ́ kejì lábẹ́ ikùn, kí n kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù, tó bá yọ̀ bọ́ kó má fi òkúta gbá orí. Kò gbọdọ̀ fi ẹnu nìkan kọ́, ara rẹ̀ wúwo jù fún àgbọ̀n rẹ̀. Kí n má pẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Orí lọ́wọ́ kan, ìdí lọ́wọ́ kejì, má gbé e ga, má jẹ́ kó pẹ́ nínú òtútù! Mo ní, "Ọkọ mi, ibi tẹ́ ẹ ti kọ́ bí wọ́n ti ń gbé ọmọ rèé! Ìyàwó yín rò pé ìwé lẹ kà."

Ó gbé e wọ omi, ó dì í mú kó má dojú dé, ó dúró. Ó dúró tí tí tí. Ìrù mì lẹ́ẹ̀kan. Ó jọ́wọ́ rẹ̀, ẹja fi omi fọ́ mi lójú, ó lọ.

Mo ní ọ̀kan ṣoṣo ńkọ́, kí n fi sebẹ̀? Ó ní òfin ò gbà ju ọ̀kan lọ lóòjọ́ nínú odò, kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ. Èyí ti gùn kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ńlá wọ̀nyẹn ló ń jẹ páìkì kéékèèké, tí wọ́n bá pa wọ́n tán, àwọn ọmọ kéékèèké á kún odò. Egungun rẹ̀ tún pọ̀, ó ní ẹ̀ka méjì bíi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ta ẹyẹ. Ní Lyon, ní Faransé, ńṣe ni wọ́n ń lọ ẹran rẹ̀ kúnná, wọ́n á sè é ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi mọ́ín-mọ́ín. Èmi ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, mo mú ewé wá láti Bódìjà.

Fọ́tò náà rèé. Ẹ má fi ọwọ́ ẹ̀gúsí kan fóònù mi. Ìyá Ẹlẹ́ja, kí lo ní? Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wo? Mo ti sọ ti Ìyá Alájọ fún yín, mo ti sọ ti Títùsì, mo sọ ti ọkọ ọmọ mi tí n ò tiẹ̀ gbàṣẹ. Bàbá òyìnbó yẹn ní kí n fi ọmọ tuntun búra pé n ò ní sọ ibẹ̀ fún àna mi pàápàá. Mo sì búra, ìka ni mo nà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbé ẹ̀gúsí yẹn wá, ẹ jẹ́ n bá yín bó o.