Bí Agbádá Mi Ṣe Ṣáájú Mi Wọ Ilé-Ìkàwé

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: òwe yìí ni mo fi bojú nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní káúńtì Prince George's, ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ́ lọ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lẹ́yìn ògiri ilé-ìkàwé ìjọba, tí mo sì takú pé bí n kò bá bá wọn lọ, ìrìn wọn kò ní gún. Kí n má parọ́, kì í ṣe orí ọmọ tuntun kankan ni mo fẹ́ tún ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bàbá àwọn ti jókòó kàwé ní Ìbàdàn kí a tó bí ìyá tó bí wọn ni.

Nígbà tí mo tún gbọ́ pé ní 1946 ni wọ́n dá ètò ilé-ìkàwé káúńtì náà sílẹ̀, ní ìrántí àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n kú sójú Ogun Àgbáyé Kejì, mo ní ilé ìrántí akọni kì í ṣe ibi tí èmi ọmọ Lísàbí í wọ ṣòkòtò péńpé lọ. Agbádá sányán tí mo fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ mi ni mo gbé wọ̀, mo sì ki ìwé kan tí mo ti yá láti ìgbà òtútù bọ abíyá, mo ká owó ìtanràn mọ́wọ́.

Èrò mi ni pé bí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, obìnrin onísùúrù kan, bá ti kó àwọn ọmọ wọ yàrá ẹ̀yìn, èmi yóò yọ́ gba ìta, èmi yóò ti gbèsè mi sínú ihò tí a ń dá ìwé padà sí lára ògiri, n ó sì fi owó náà sápò. Mo ti ìwé náà wọlé lóòótọ́. Ìwé orin ìjọ mi tí ó wà lábíyá kan náà bá a lọ. Ìjàyà mú mi, mo ki apá bọ ihò náà dé èjìká, mo ń fọwọ́ wá ìwé orin kiri; nígbà tí mo sì fẹ́ fà á yọ, agbádá ti kọ́ etí irin, ó ní òun kò padà mọ́.

Ẹni tó mọ ilé-ìkàwé láti iwájú nìkan kò lè mọ̀ pé lẹ́yìn ihò yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ń fi àpótí onítáyà kan hàn wọ́n, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró lórí sípíríǹgì, tí ó ń rọra wọlẹ̀ bí ìwé bá ṣe ń wúwo lé e, tí ó sì ń dìde bí a bá ṣe ń kó wọn kúrò, kí ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ má baà kán. Ó sì ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ka àmì ara ìwé, tí yóò yọ ọ́ kúrò lọ́rùn ẹni tó yá a, tí yóò sì sọ bí ẹnìkan ní ẹ̀ka mìíràn bá ń dúró dè é, kí ọkọ̀ lè gbé e lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọwọ́ dúdú kan, òun ti sányán gbọọrọ, yọ láti inú ògiri, tí ó ń tá táàtàà. Àwọn ọmọ fi igbe bọ ẹnu. Èyí àbúrò nínú wọn ló dá òrùka mi mọ̀: "Bàbá àgbà wa nìyẹn!"

Wọ́n tú mi sílẹ̀, mo sì tẹríba na owó ìtanràn sí obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í gba owó lórí ìwé tó pẹ́ mọ́, àfi èyí tó bá sọnù tàbí tó bàjẹ́. Gbèsè tí kò sí ni mo ti ń sá fún látìgbà yẹn!

Ìtìjú kì í jẹ́ kí àgbà jókòó jẹ́ẹ́. Mo rí ìwé lórí kẹ̀kẹ́ kan, mo rántí Lísàbí tó fi aáró kó Ẹ̀gbá jọ, mo ní n ó bá wọn ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Mo tò wọ́n sórí pẹpẹ, gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíga, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, ó sì dùn ún wò. Ọmọ ọmọ mi àgbà dé, ó káwọ́ lérí: "Bàbá àgbà, ẹ ti sọ gbogbo wọn nù!"

Òótọ́ ló sọ. Láti 1876 tí Melvil Dewey, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ará Amẹ́ríkà kan, ti tẹ ètò nọ́ńbà tí a fi ń to ìwé jáde, àwọ̀ àti gíga kọ́ ló ń fún ìwé ní ipò. Bí ẹsẹ ifá ṣe ní odù tirẹ̀, tí babaláwo kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ Ogbè sábẹ́ Ọ̀yẹ̀kú, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ní nọ́ńbà tirẹ̀: àlọ́ wà ní 398.2, oúnjẹ sísè ní 641.5, lítíréṣọ̀ Yorùbá tiwa ní 896.333. Ìwé àlọ́ tí mo tì sáàárín ìwé ọbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa wí pé ó wà nílé, ẹni tó ń wá a yóò sì wá a tì. Àwọn ọmọ ló ń ka nọ́ńbà, tí wọ́n ń yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí wọ́n fún bàbá wọn ni kó di kẹ̀kẹ́ mú, kó má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti àgbà tí ẹ wà lájò, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sẹ́yìn ògiri náà, kí wọ́n rí òógùn tó wà nídìí ìwé tí à ń yá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìwé bá pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà ní gbangba. Bí ẹ bá sì kà á tán nínú ilé náà, orí tábìlì tàbí kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi í sí, ẹ má tò ó. Ìrànlọ́wọ́ tí a kò béèrè ọ̀nà rẹ̀, àfikún iṣẹ́ ni fún ẹni tí a ní à ń ràn lọ́wọ́.