Òtútù Ara Ògiri

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, ọmọ àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, rìn títí mo fi dé Lọ́ńdọ̀nù, mo sì rí abuké náà lọ́jọ́ kan tí òtútù mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń pa eyín keke: àwọn òyìnbó ni, tí wọ́n ń sá fún yìnyín ní ìgboro, tí wọ́n gbọn ọ́n dànù lára kóòtù lẹ́nu ọ̀nà National Gallery, tí wọ́n sì ń yára wọlé lọ wo yìnyín mìíràn tí a yà, tí a gbé kọ́ ara ògiri.

Wọn kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀, ilé náà sì móoru ju yàrá tí mo háyà lọ. Kí n má purọ́, ohun tí ó sọ mí di olólùfẹ́ àwòrán nìyẹn.

Àwòrán tí wọ́n pé lé lórí ni èyí tí Claude Monet, ará Faransé, yà ní 1875 nípa Argenteuil, ìlú tí ó ń gbé lẹ́bàá odò Seine, níbi tí ó ti ya irú rẹ̀ 18 nígbà òtútù kan ṣoṣo. Mo súnmọ́ ọn. Àwọn tí ń rìn lójú ọ̀nà kò ní ojú, wọn kò ní imú, ọ̀dà dúdú tí a fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ni wọ́n. Yìnyín náà kò sì funfun, ó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ bí àdìrẹ tí a ti fọ̀ gbó. Ṣùgbọ́n bí mo ti fà sẹ́yìn, ṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó kù díẹ̀ kí n kí wọn pé ẹ kú òtútù. Ìyá òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní ó mà dára o. Bẹ́ẹ̀ ìyá yìí kan náà ni ó ń ṣépè fún ojú ọjọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni kò ní fẹ́ràn òtútù tí kò lè wọni léegun?

Ní 1872, Monet yìí ya èbúté Le Havre ní òwúrọ̀: kùrukùru, kíréènì, ọkọ̀ kéékèèké, oòrùn pupa. Nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Paris ní 1874, oníròyìn kan, Louis Leroy, fi í ṣẹ̀sín. Háà! Ẹni tí ó bá dúró ní CMS ní Èkó wa lásìkò ọyẹ́, tí ó kọjú sí Àpápá, ohun kan náà ni yóò rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró? Kọ̀ńdọ́tọ̀ ń pe Ọbáléndé, jáwójáwó ń fojú wọn àpò, bí o bá sì wo ọ̀sà pẹ́ díẹ̀, àwọn èrò yóò rọ̀gbà yí ọ ká, wọn óò máa bẹ̀ ọ́ pé kí o má bẹ́ sómi, gbèsè kì í pani.

Aina Onabolu pàápàá, ayàwòrán ilẹ̀ wa tí ó kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù àti Paris láti 1920, àwòrán ojú ènìyàn ni òkìkí rẹ̀ fi kàn jù lọ. N kò bá a wí: ọlọ́lá a máa sanwó àwòrán ara rẹ̀, ọ̀sà kì í san kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ayàwòrán tí ẹ wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀dà yín wá sí Ẹ̀hìngbẹ̀tì, ní CMS yẹn, nígbà ọyẹ́. Ẹ tètè dé, nítorí bí oòrùn bá mú, kùrukùru kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sì gbé àpò yín kọ́ àyà.