Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Ṣùgbọ́n Ọjà Wo?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó pa òwe yìí mọ ọjà tó fẹ́ ná. Ọ̀nà nìkan ló ń wá. Lónìí ní Akobo n'Ìbàdàn, láti Baṣọ̀run títí dé General Gas, òwe náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn tó mọ ọ̀nà tí wọn ò mọ ọjà. Bí wọ́n bá fẹ́ yan yunifásítì ní ìlú òyìnbó, ìbéèrè méjì ni wọ́n ń bi éjẹ́ǹtì: èló ni dípọ́síìtì? Ṣé ìyàwó àtọmọ lè bá mi lọ? Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́, éjẹ́ǹtì ni yóò bá wọn wá ìyẹn. Bí akọ̀wé owó ṣe ń di akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlera lóru ọjọ́ kan nìyẹn.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kúkú gbọ́ ìbéèrè kejì yẹn. Lọ́dún 2022, físà tí wọ́n fún àwọn ará ilé tó bá akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà lọ lé ní 60,000. Orílẹ̀-èdè mìíràn ò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ tìyàwó-tọmọ, àfi ẹni tó bá ń ṣe oyè ìwádìí. Yunifásítì tí wọ́n tìtorí ẹbí yàn wá di èyí tí wọn ò lè sọ ìdí tí wọ́n fi yàn án. Dípọ́síìtì kékeré náà ní ìdáhùn tirẹ̀. Lẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là tó jẹ́ bíi 460 náírà ní báńkì kọjá 1,400 kí ọdún tó yí po. Ní Yunifásítì Teesside, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí kò rí ìyókù owó wọn san pàdánù àyè wọn ní 2024, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò nílùú. Dípọ́síìtì tó rọrùn ọ̀hún, ìyókù ló le.

Ẹnìkan á ní: ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ fóṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022, ta ni ò ní sá? Òótọ́ ni, ẹni tó sá kì í ṣe òmùgọ̀. Òmíràn á ní iṣẹ́ lòun ń bá lọ, ìwé kọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bá a níbẹ̀. Láti ọdún 2025, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ máa san £41,700 lọ́dún kí ilé iṣẹ́ tó lè fi físà gba àjèjì. Wọ́n dín in kù fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àmọ́ àdínkù náà ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ló ń mú irú owó yẹn wọlé, yunifásítì wo ló sì mọ̀ ọ́n kọ́? Ẹni tó ń wá iṣẹ́ gan-an ló yẹ kí ìbéèrè yìí jẹ lógún jù. Èyí kò sọ pé kí gbogbo ayé forí lé Oxford o. Iléèwé tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ní Akobo lè dára púpọ̀ fún nọ́ọ̀sì, kó má wúlò rárá fún ẹlòmíràn.

Ariwo ti yí sí Jámánì báyìí, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ibẹ̀ kì í gbowó ẹ̀kọ́. Èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ dígírì àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kò burú, táwọn bá débẹ̀ àwọn á gbọ́ ọ.