Oríkì Ajómáfọ̀, Ọ̀gá Alúmínì ti Ọlọ́runṣògo

Ẹ yàgò lọ́nà, Ajómáfọ̀ fẹ́ tanná!
Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.
Ẹ̀yin tí ẹ ru gbágùúdá bọ̀ láti oko, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.
Láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà,
Ẹ wá wo ẹni tí ń jó alúmínì ní Ọlọ́runṣògo.

Ajómáfọ̀, ọmọ Má-wulẹ̀-nù-ún,
A-ra-ẹ̀rọ-kó-tó-kọ́ṣẹ́,
A-kan-pátákó-kó-tó-tanná.
Pátákó rẹ ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ,
O kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: "A ń jó irin, a ń jó alúmínì, kò sí ohun tí a kì í jó."
Òótọ́ ni, ọ̀gá mi, o ò purọ́.
O ti jó bẹ́ǹṣì, o ti jó ṣòkòtò,
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ìsọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì.

Ọ̀dọ̀ wẹ́dà onígéètì ni ọ̀gá mi ti kọ́ṣẹ́.
Ó ṣe fìrídọ́ọ̀mù, wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n lẹ owó mọ́ ọn níwájú,
Ó wò yíká, ó ní irin ti tán ní kíkọ́.
Irin ló bà á jẹ́, ẹ má dá a lẹ́bi.
Irin láàánú: bí iná bá ń pọ̀ jù, yóò kọ́kọ́ pọ́n,
Yóò pọ́n fòò, ọmọ iṣẹ́ yóò rí i, yóò fa ọwọ́ sẹ́yìn.
Alúmínì kì í pọ́n.
Funfun ló wà nígbà tí o tanná ràn án,
Funfun náà ló wà nígbà tó dé digírì 660 tó di omi.
Kò wúkọ́, kò pòṣé,
Ó dà wìì sórí bàtà ọ̀gá bí ẹ̀kọ gbígbóná.
Ọ̀gá mi fò sókè, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ kan jó,
Àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá pàtẹ́wọ́ fún un,
Wọ́n ṣe bí fìrídọ́ọ̀mù mìíràn ló bẹ̀rẹ̀.

Ajómáfọ̀, ìwọ lo mọ̀ pé ìfọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá.
Alúmínì ní awọ kan tí ojú kò rí.
Afẹ́fẹ́ ló ń fi bò ó. Bí o ti ń bó o kúrò, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fi òmíràn wọ̀ ọ́.
Digírì 660 ni ara inú ti ń yọ́,
Awọ òde kò mira, ó di ìgbà tí iná bá kọjá 2,000.
Inú á ti di omi tán, òde á ṣì le koko,
Wẹ́dà á máa ti rọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, rọ́ọ̀dù á máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀.
Nítorí náà ni àwọn ojo ṣe máa ń fi asẹ́tóònù nu epo kúrò ná,
Wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tí kì í dípẹtà gbo ó,
Búrọ́ọ̀ṣì tí wọn kò jẹ́ kó fara kan irin dúdú rí.
Ọ̀gá mi kì í ṣe ojo.
Àkísà tó fi nu ẹ́ńjìnnì ló fi nu alúmínì,
Búrọ́ọ̀ṣì tó fi gbo ìpẹtà géètì ló fi gbo alúmínì,
Ìpẹtà géètì kúrò lára géètì, ó rí ilé tuntun kó sí.

Ẹ jẹ́ kí n kan orírun iṣẹ́ náà, torí oríkì kò dùn láìkan baba.
Ní 1941, ogun ń jà káàkiri ayé,
Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Northrop, ní California ní Amẹ́ríkà, ń wá bí wọn yóò ṣe jó mànẹ́síọ̀mù,
Irin fífúyẹ́ tó máa ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá kàn án níbi tó ti gbóná.
Russell Meredith ló fi tungsten ṣe ẹnu iná, tungsten tí kò ní yọ́ títí iná yóò fi kọjá digírì 3,400.
Ó tú gáàsì helium yí i ká, kí afẹ́fẹ́ má ráyè débẹ̀.
Ní 1942, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni ọgbọ́n náà.
Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n ń lò fún alúmínì,
Argon ló wá gba ipò helium lọ́pọ̀ ibi,
Torí argon wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń jókòó lórí iṣẹ́.
Ìyẹn Meredith o.
Ajómáfọ̀ náà fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un:
Ooru mú un, ó tan fáànù, ó kọjú fáànù sí iṣẹ́.
Argon tó fi owó iyebíye rà ní ìgboro Ìbàdàn,
Tó fi ọ̀kadà gbé wá tó ń fọwọ́ rọ̀ mọ́ síléńdà lẹ́yìn,
Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló lọ.
Aránṣọ kò mọ̀ ọ́n lóore, ọ̀gá mi kò bínú.
Iṣẹ́ dúdú kirikiri, eérú bò ó,
Ọ̀gá ní ọ̀dà ni wọn yóò fi kùn ún, kò ní hàn.

A-yí-bọ́tìnnì-má-kàwé!
Iná tí wọ́n fi ń jó alúmínì kì í dojú kọ ibì kan.
Yóò lọ, yóò bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan:
Bó bá kọjú síhìn-ín, awọ alúmínì ni yóò máa bó;
Bó bá kọjú sọ́hùn-ún, inú alúmínì ni yóò máa wọ̀.
AC ni wọ́n kọ sára bọ́tìnnì rẹ̀.
Ọ̀gá mi fi í sí DC, torí DC ló fi jó géètì alága.
Alúmínì tó nípọn tó mílímítà kan a máa bèèrè bí àmù 40,
Mílímítà mẹ́ta, bí àmù 120.
Ọ̀gá mi so ẹ̀rọ mọ́ jẹnẹrétọ̀ I-pass-my-neighbour.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wo ọ̀gá, ó sùn.
Ọ̀gá ní NEPA ló fà á.

Ẹnu tungsten kò gbọdọ̀ jìnnà sí iṣẹ́ ju bíi mílímítà mẹ́ta lọ,
Kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án.
Ọ̀gá mi ní ìfẹ́ tí kò fẹnu kanra kì í ṣe ìfẹ́.
Gbàmú, tungsten bọ inú alúmínì,
Alúmínì gun ẹnu tungsten, iná bẹ̀rẹ̀ sí í tàkìtì.
Wọ́n ní kó gbé e lọ sí gíráńdà kó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kó mọ́,
Ó ní fún àǹfààní ta ni?
Rọ́ọ̀dù ńkọ́? Àwọn mìíràn ń ra 4043 tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù sí nínú,
Àwọn mìíràn ń ra 5356 tí wọ́n fi mànẹ́síọ̀mù sí nínú,
Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.
Ajómáfọ̀ gé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé alúmínì, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.
Alúmínì fèrèsé tí a fi alúmínì fèrèsé jó, bó ṣe ń tutù ló ń là.
Ó là gbàà lójú oníbàárà.
Ọ̀gá ní, "Ẹ má mikàn, ó ń mí ni."

A-fi-awò-àríyá-jórin!
Awò dúdú tó wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ló fi bojú.
Iná alúmínì burú, ó ń ta padà láti ara iṣẹ́ sí ojú ẹni.
Lóru, ojú ọ̀gá ń ta á, ó ní wọ́n da iyanrìn sí i,
Ó ka orúkọ àwọn ọ̀tá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́,
Kò kan orúkọ awò.

Ẹ wá gbọ́ ti pọ́ǹpù.
Àgbẹ̀ kan gbé pọ́ǹpù tó fi ń fa omi odò sí ẹ̀fọ́ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
Ìdí rẹ̀ ti sán, epo ti mu ún dénú.
"Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀fọ́ mi ń kú lọ."
Ọ̀gá kò wò ó, ó jó o.
Epo àti omi tó sá pamọ́ sínú alúmínì a máa bí haidirójìn,
Alúmínì tó yọ́ a máa gbé e mì; bó bá ń dì, kò ní í gbà á mọ́ra mọ́,
Ihò wẹ́wẹ́ ló ń bá jáde.
Ojú ibi kan ṣoṣo ni pọ́ǹpù ti ń jò nígbà tó dé,
Nígbà tí ọ̀gá mi dáwọ́ dúró, gbogbo ìdí rẹ̀ ló ń ta omi.
Ọ̀gá ní kí àgbẹ̀ san owó, kó sì san èlé:
Pọ́ǹpù ló gbé wá, pọ́ǹpù àti agbomirin ló ń gbé lọ.

Bàbá onígáàsì ń bẹ ní òdìkejì títì,
Kábáìdì àti omi ni bàbá ń pò tí gáàsì fi ń jáde,
Ó ti ń fi ìyẹ̀fun wẹ́dà jó alúmínì kí wọ́n tó bí ọ̀gá mi.
Bàbá ní, "Ọmọ mi, wá jókòó. Kó àlòkù alúmínì jọ, fọ̀ ọ́.
Má tíì fi rọ́ọ̀dù sí i. Fi iná nìkan fa ojú ìlà, kó o máa wo bó ṣe ń dán kó tó yọ́.
Ìgbà tí ìlà bá gún, ká tó sọ ti pọ́ǹpù ènìyàn."
Ajómáfọ̀ ní, "Ẹ má bínú, bàbá, ayé ti kọjá kábáìdì."
Bàbá rẹ́rìn-ín.
Àgbẹ̀ gbé pọ́ǹpù sọdá títì lọ bá bàbá.
Odindi ọjọ́ kan ni bàbá fi fọ ohun tí ọ̀gá mi jó,
Àárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi jó ohun tó fọ̀.
Ẹ̀fọ́ rúwé.
Ọ̀gá mi ń sọ fún aráyé pé òun lòun kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Ajómáfọ̀, mo kì ọ́ tán, ọ̀fun mi ti gbẹ.
Owó mi dà?
Owó bébà ni o, ọ̀gá mi, má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ san án.
Ife alúmínì tí o bá mi dí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́sí,
Mo bomi sí i létí kànga, mo gbé e sẹ́nu,
Bàtà mi ti mu ún tán kí n tó lanu.