Àtàǹpàkò Bàbá Aláṣọ Òfì

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó jókòó. Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n kó ìwé orúkọ méjì lé mi lọ́wọ́: àgbẹ̀ 70,000 tó forúkọ sílẹ̀, àti 60,000 tó ti gba ajílẹ̀. Kí n yọ àwọn tí kò tíì gbà, kí n kó wọn sínú Excel fún ọ̀gá. Mo ní, "Èyí náà niṣẹ́?"

Mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa mú àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó fi wé gbogbo orúkọ inú ìwé kejì. NEPA mú iná lọ, mo bá yá jẹnẹrétọ̀ bàbá onílé mi. Ilẹ̀ ṣú, ó ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Epo tán lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò rẹ̀: 70,000 lọ́nà 60,000, biliọ̀nù 4.2!

Mo bínú pa á. Mo da gbogbo 70,000 sínú Excel, mo ní ojú ni n ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣé irú fáìlì àtijọ́ ni mo fi pamọ́, èyí tí kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ. Àkọlé gba ìlà kan, èèyàn 4,465 bá ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn tó kẹ́yìn forúkọ sílẹ̀ ni, àwọn ará Ṣakí. Ará Ṣakí sì ni ọ̀gá mi. Ó wá orúkọ ara rẹ̀ lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó wá wò mí.

Mo fi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tu ara mi nínú: lọ́dún 2020, irú fáìlì yìí kan náà ló jẹ́ kí orúkọ àwọn tó ní kòrónà, 15,841, sá mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, bàbá onílé mi tẹ́ ìrépé òfì méjì tóóró sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí wọn dọ́gba. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ìlà wọn lọ sísàlẹ̀. Níbi tí ìlà kan ti yàtọ̀ sí èkejì, àtàǹpàkò dúró.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò tún padà sókè?"

"Kí n wá kí ni? Tí mo bá ń mú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan yí gbogbo aṣọ ká, ìyàwó á bímọ kó tó wọ̀ ọ́."

Ara mi bù máṣọ. Mo to ìwé méjèèjì ní nọ́mbà àgbẹ̀, láti kékeré sí ńlá, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà fi ìka kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó wà lórí nọ́mbà tó kéré máa sọ̀ kalẹ̀, tí nọ́mbà bá dọ́gba kí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, láì padà sókè. Ìṣísẹ̀ 130,000 ló pọ̀ jù. N ò tíì bu òkèlè kejì tó fi parí. Àwọn tí kò gbà nìkan ni mo kó sínú Excel. Orúkọ ọ̀gá wà níbẹ̀.

Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Ó ní kí n dìde, ó sì tẹ́wọ́: "Owó epo mi ńkọ́?"